Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Ó tó gẹ́ẹ́ fún òfin kílò 6.8

Bí ẹ bá lówó lọ́wọ́, ẹ lè ra kẹ̀kẹ́ ológeere tí kò wúwo tó kílò 6.8, kí ẹ gùn ún lọ síbi tó bá wù yín. Kò sẹ́ni tó máa mú yín. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun bá gbé irú rẹ̀ wá sí Tour de France, wọn ò ní jẹ́ kó bá wọn díje. Àjọ UCI, tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ló ṣòfin pé kẹ̀kẹ́ ìdíje kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju kílò 6.8 lọ.

Ẹ jẹ́ ká fún àwọn tó ṣòfin ní ẹ̀tọ́ wọn. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà nínú Àdéhùn Lugano ọdún 1996, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2000. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ á máa dín in kù títí tí yóò fi kán mọ́ ẹni tó ń gùn ún nídìí. Wọ́n tún ní èèyàn ló yẹ kó borí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni.

Àmọ́ àwa tá a kàwé òfin mọ̀ pé ìdí tí òfin fi wà lèèyàn kọ́kọ́ ń béèrè. Bí ìdí yẹn bá ti kú, kí ni òfin ṣì ń ṣe láyé?

Nígbà tí férémù carbon dára sí i, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ ju bí òfin ṣe fẹ́. Kí làwọn mẹkáníìkì ṣe? Wọ́n ń ki irin àti òjé sínú férémù kí òṣùwọ̀n lè gbà á wọlé. Ẹ rò ó wò ná. Ṣé òjé inú férémù ló máa gba ẹni tó ń já bọ̀ láti orí òkè Alps sílẹ̀? Ní ìdíje Paris-Roubaix ọdún 2006, ọ̀pá tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ George Hincapie mọ́ fọ́ọ̀kì kán, ó ṣubú, ó fi èjìká ṣèṣe. Òfin yìí ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́fà nígbà yẹn. Ìwúwo yàtọ̀ sí agbára.

Ìyẹn nìkan kọ́. Kẹ̀kẹ́ kílò 6.8 jẹ́ ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ọkùnrin tó wọn kílò 80. Fún obìnrin tó wọn kílò 50, ó di ìdá 13.6. Férémù tiẹ̀ kéré, síbẹ̀ ẹrù kan náà ni wọ́n ní kó gbé gun òkè. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òfin tó ń pe ara rẹ̀ ní ìdọ́gba, tó jẹ́ ẹni kékeré ló ń ni lára jù, ìdọ́gba wo nìyẹn?

Àwọn kan á ní tí wọ́n bá fagi lé e, olówó nìkan ló máa máa borí. Ọ̀rọ̀ yẹn kan àwa ará Áfíríkà. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ní Tour de France 2024. Ní 2025, ìdíje àgbáyé wá sí Kigali, ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. A ò fẹ́ kí owó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òfin ìwọ̀n kò dá owó dúró rárá. Owó tí wọn ò ná sórí ìfúyẹ́, wọ́n ń ná an sórí bí kẹ̀kẹ́ á ṣe máa la afẹ́fẹ́ kọjá. UCI ti ní òfin mìíràn pé ohun èlò ìdíje gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí rà lọ́jà. Kí wọ́n fi iye tí kò gbọdọ̀ kọjá kún un, ìyẹn ló máa ran ẹni tí kò lówó lọ́wọ́.

Ní ti ààbò, ìlànà ISO 4210 ti sọ bí wọ́n ṣe ń dán férémù àti fọ́ọ̀kì wò. Láti 2011 sì ni férémù tuntun ti ní láti gba òǹtẹ̀ UCI kó tó wọ ìdíje. Níbi òǹtẹ̀ yẹn gan-an ni kí wọ́n ti lù ú, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n. Èyí tó bá dúró, kó wọlé, ì báà wọn kílò 6. Èyí tó bá kán, kó máa lọ sílé, ì báà wúwo bí ọlọ.