Ta Ni Ń Tọ́ Ọmọ Wa: Àwa Ni Tàbí Fóònù?

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ pàápàá, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ní Gbàgádà tí a wà yìí, ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ lórí afárá Third Mainland, tí wọn kì í sì í wọlé títí ìrun Iṣáì yóò fi kọjá. Ọmọ tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ dé kò rí ibi ṣeré: géètì wà ní títì, ojú títì kò sì ṣeé fi ọmọdé sí. Kí ni a wá ṣe? A fa fóònù lé e lọ́wọ́. Fóònù di ọmọ-ọ̀dọ̀ tí kì í gba owó-oṣù.

Nígbà tí ọmọ náà kò bá gbọ́ ìpè mọ́, tí a gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń yí nílẹ̀, a ó ní ayé ti bàjẹ́. Irọ́ ni! Àwa ni a gbé ọmọ fún ẹni tí kò bí i.

Àwọn kan tilẹ̀ ń yangàn pé ọmọ àwọn tí kò tíì pé ọdún 2 ti mọ bí a ṣe ń ṣí YouTube. Ọgbọ́n wo ni ó wà níbẹ̀? Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á mọ́lẹ̀ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò yẹ kí ó jókòó ti ẹ̀rọ aláwòrán. Ti ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lójúmọ́, bí ó bá sì dín ní bẹ́ẹ̀, ó sàn jù. Àjọ yìí kan náà ní kí ọmọ ọdún 3 sí 4 máa sùn fún wákàtí 10 sí 13. Èwo nínú àwọn ọmọ wa tí ń wo àwòrán di aago mọ́kànlá òru ni ó ń rí oorun yẹn sùn?

Steve Jobs, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe iPad, sọ fún oníròyìn kan ní 2010 pé àwọn ọmọ òun kò tíì lò ó. Alásè kò jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ tọ́ ọbẹ̀ wò, àwa sì ń bù ú fún tiwa ní kíkún àwo! Ọsirélíà pẹ̀lú ti fi òfin dè é láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi TikTok àti Instagram má ṣe gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láàyè láti ní àkántì.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni fọ́ fóònù. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní 2020, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi kàwé. Ṣùgbọ́n láti Mọ̀gàríbì di Iṣáì, kí gbogbo fóònù ilé wà lórí tábìlì kan, ti bàbá ni kí ó kọ́kọ́ débẹ̀. Bàbá tí ń fi ìka yí TikTok nígbà tí ọmọ ń ka Alùkùránì fún un kò lè fi òfin de ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí fóònù má sùn ní yàrá ọmọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni ẹ wà nílé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin náà ni ẹ sì ń fi fóònù pa àbúrò yín lẹ́nu mọ́. Ẹ mú wọn lọ sí ilé-kéwú. Bí ẹ bá dé, ẹ bá wọn ta ayò.