Ohun tí Ìwé EEG Kò Lè Sọ

Lẹ́tà abiyamọ kan wà níwájú mi lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 13, ti ṣubú lulẹ̀ nígbà mẹ́ta, tí ara rẹ̀ le, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Dókítà ní wárápá ni, ó sì kọ oògùn fún un. Nígbà tí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ tí à ń pè ní EEG, èsì tó jáde ni pé wọn kò rí ohun tó yàtọ̀. Inú bàbá ọmọ dùn, ó ní kí wọ́n da oògùn nù. Ìyá wá ń béèrè: ta ni kí àwọn gbà gbọ́, dókítà ni àbí ẹ̀rọ?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì da nǹkan kan nù.

Iná mànàmáná kékeré ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Hans Berger, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ gba ohùn iná yìí sílẹ̀ lórí ènìyàn, ní ìlú Jena lọ́dún 1924. Lónìí, wọn a lẹ nǹkan bí wáyà 21 mọ́ awọ orí, ẹ̀rọ a sì máa ya ìlà bí ìgbì omi. Ẹ̀rọ náà kì í fi iná sí ọmọ lára. Gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́. (Ẹ tú irun dídì kí ẹ tó lọ, ẹ má sì fi ìpara sí i, nítorí wáyà kì í lẹ̀ mọ́ orí tó kún fún òróró.)

Bí ara ẹni bá dá, tó dijú, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ìgbì tó ń yọ lẹ́yìn orí a máa lọ sókè sódò nígbà 8 sí 13 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá lajú, ìgbì náà a rọlẹ̀. Ní ti ọpọlọ tó ní wárápá, ìlà ṣóńṣó kan lè yọ lójijì láàárín ìgbì, kí ìgbì jẹ́jẹ́ kan sì tẹ̀lé e. Irú wárápá kan wà tí ọmọ kì í ṣubú rárá: yóò kàn dákẹ́, yóò ranjú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, olùkọ́ a sì ní kò fọkàn sí ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa mí kanlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3, ṣóńṣó àti ìgbì a máa tò tẹ̀léra, mẹ́ta mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbẹ̀, ẹ̀rí ẹ̀rọ náà lágbára púpọ̀.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò náà kì í sábà ju ìṣẹ́jú 20 sí 30 lọ, ìṣẹ́jú 1,440 ló sì wà nínú ọjọ́ kan. Ọdẹ tó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún ìdajì wákàtí tí kò rí olè, kò lè búra pé olè kò wọ àdúgbò rí. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní wárápá ni ìwé wọn àkọ́kọ́ kì í fi ohunkóhun hàn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń tún un ṣe, nígbà mìíràn lójú oorun.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: àwọn díẹ̀ wà tí ìlà ṣóńṣó ń yọ lórí ìwé wọn, tí wárápá kò sì ṣe wọ́n rí. Bí ẹbí ọkọ bá ní kí àfẹ́sọ́nà ọmọ wọn mú ìwé EEG wá kí ìdána tó wáyé, ohun tí ìwé náà kò lè sọ ni wọ́n ń béèrè, ìwà ìkà sì ni lójú tèmi.

Ìyá, ohun tí ẹ fojú yín rí wúlò fún dókítà ju bí ẹ ti rò lọ. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ yí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, kí ẹlòmíràn sì fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Ẹ wo aago: bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ sọ fún bàbá ọmọ pé dídá oògùn wárápá dúró lójijì lè fa gìrìgìrì tí kò ní tètè dáwọ́ dúró, èyí tó lè pa ọmọ. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbé ìwé àti fídíò náà lọ bá dókítà, kí ẹ sì béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe nígbà tí ọmọ bá sùn.