Jíìpù Onílẹ̀kùn Méjì Tàbí Onílẹ̀kùn Mẹ́rin: Ta Ni Yóò Jókòó Sẹ́yìn?

Nínú ìtẹ̀jáde yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́, obìnrin pàápàá, ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé kíkọ́, ohun tí ń gba owó lọ́wọ́ ìdílé tó ọkọ̀ kò pọ̀. Ohun tí a bá sì kó owó tó bẹ́ẹ̀ lé lórí, tọkọtaya ni ó yẹ kí ó jọ jíròrò lé e.

Ẹni tí ó bá ń gbé ìlú Bìní mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń wá jíìpù. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ wa níbí, omi a sì tètè máa wọ́ ọ lọ. Bí òjò bá ti dé, àgbàrá a gbẹ́ kòtò sí àárín àdúgbò. Àwọn mìíràn a sì di ọ̀gbun ńlá, irú èyí tí gbogbo ará ìlú mọ̀ ní Queen Ede. Ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ a máa jìyà ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ olówó-oṣù bá rí owó díẹ̀ kó jọ, jíìpù tòkunbọ̀ ni ojú rẹ̀ a máa wò, Toyota RAV4 àtijọ́ a sì wà lára èyí tí yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ọdún 1994 ni wọ́n gbé RAV4 jáde ní ilẹ̀ Japan, onílẹ̀kùn méjì ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́. Ní ọdún 1995 ni onílẹ̀kùn mẹ́rin tẹ̀ lé e. Ẹ́ńjìnnì lítà méjì ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn wà ní gígùn: láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, onílẹ̀kùn méjì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 220, onílẹ̀kùn mẹ́rin sì jẹ́ 241. Sẹ̀ǹtímítà 21 péré ni ó wà láàárín wọn. Ẹ na ọwọ́ yín láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì rí i tí ìwé ń pè wọ́n ní onílẹ̀kùn mẹ́ta àti onílẹ̀kùn márùn-ún, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ó gbé táyà àfipamọ́ ni wọ́n kà mọ́ ọn.

Ẹ má ṣe rò pé onílẹ̀kùn méjì kò wúlò. Ọkọ̀ tí ó kúrú a máa gun òkìtì kọjá láìjẹ́ pé ikùn rẹ̀ kàn án, a sì máa yípo ní ibi tí ó há. Àgbẹ̀ tí òun nìkan ń lọ sí oko, tàbí tọkọtaya tí kò tíì bímọ, yóò jẹ ìgbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, ọkọ̀ kúkúrú a máa fò sókè sódò ju èyí tí ó gùn lọ, àyè ẹrù rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ pàápàá mọ̀ pé ìdílé ni ó pọ̀ jù lọ nínú oníbàárà. Nígbà tí ìran kẹta RAV4 jáde ní ìparí ọdún 2005, kò sí onílẹ̀kùn méjì nínú rẹ̀ mọ́. Jeep Wrangler ní onílẹ̀kùn mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ láti ìran ti ọdún 2007. Suzuki Jimny tí gbogbo ayé mọ̀ sí onílẹ̀kùn méjì, ní ọdún 2023 wọ́n ṣe onílẹ̀kùn mẹ́rin rẹ̀, wọ́n sì fi sẹ̀ǹtímítà 34 kún àárín táyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá àwọn ọmọ mi rí onílẹ̀kùn méjì kan ní ọgbà àwọn tí ń ta ọkọ̀. Ara rẹ̀ ń dán, owó àjọ tí a ti fi ọdún mẹ́ta dá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ká a. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n wá láti Ìwó láti tọ́jú orúnkún wọn. Ọkọ mi ní kí gbogbo wa jọ lọ wò ó.

Ẹni tí ń ta ọkọ̀ tẹ àga iwájú síwájú, ó ní kí Màmá wọ ẹ̀yìn. Màmá di ilẹ̀kùn mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, orúnkún kejì kò gbà. Wọ́n tún gbìyànjú, ìró wọn fẹ́ tú, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin inú ọgbà sì ń wò. Màmá rọra sọ̀kalẹ̀, wọ́n tún ìbòrí wọn ṣe, wọ́n ní: “Ọkọ̀ yìí dára, ọmọ mi. Ẹ ó lò ó ní àlàáfíà. Èmi á ṣì máa wọ bọ́ọ̀sì.”

Àdúrà ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ṣe àmín nínú wa.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi sọ òótọ́ tirẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Màmá ń wá lọ́dún, kí ló dé tí a ó fi owó ńlá ra ilẹ̀kùn méjì sí i nítorí ìyẹn? N kò bá a jiyàn lórí Màmá. Mo bi í léèrè pé: “Ta ni yóò máa jókòó sẹ́yìn lójoojúmọ́?” Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Bí ọkọ̀ bá sì kó sí omi, tàbí tí nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀, ọ̀nà wo ni wọn yóò gbà jáde bí àwọn tí ó wà níwájú kò bá tíì sọ̀kalẹ̀? Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní: “Owó wa kò tó ìkejì.” Mo ní: “Ẹ jẹ́ kí a dúró.”

Ìdúró náà kò rọrùn. A tún fi ẹsẹ̀ rin àsìkò òjò kan. Lóru ọjọ́ kan tí ara àbíkẹ́yìn wa gbóná, a gbé e dúró sínú òjò, à ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa dé ilé ìwòsàn. Mo rò nínú ọkàn mi pé bóyá èmi ni mo fa èyí. Ọkọ mi kò fi bú mi.

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo ilé yín kí ẹ tó yan ọkọ̀. Èkíní, ẹ ka àwọn tí yóò jókòó sínú rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí yóò wà á nìkan. Èkejì, ẹ mú ẹni tí ó dàgbà jù àti ọmọ tí ó kéré jù dání, kí wọ́n wọlé kí wọ́n sì jáde lójú yín. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín wo abẹ́ rẹ̀: ọ̀pọ̀ RAV4 ni ó jẹ́ pé táyà iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, bí ó tilẹ̀ jọ jíìpù. Bí kò bá sí ọ̀pá tí ó lọ sí àárín táyà ẹ̀yìn, ẹ má san owó onítáyà mẹ́rin. Ẹ̀kẹrin, láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, gbogbo wa ni à ń wá ọkọ̀ tí kò ní mu epo púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kan náà ni ti àwọn méjèèjì, nítorí náà ẹ má retí pé ilẹ̀kùn méjì yóò dín owó epo kù púpọ̀.

Onílẹ̀kùn mẹ́rin tí a rà níkẹyìn, ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, kò sì dán bí ti àkọ́kọ́. Ní Iléyá ọdún náà, a wà á gba Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó lọ sí Ìwó. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Màmá bá wa wá. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra wọn, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n gbé àbíkẹ́yìn lé itan, wọ́n sì bi ọkọ mi pé kí ni ó ń dúró dè.

A ó tún pàdé nínú ìtẹ̀jáde tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Kí Ó máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.