Olùkọ́ Wà Lẹ́yìn Kíláàsì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó máa ń súni bí a bá ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú iṣẹ́ yíyàwòrán ilé, tó sì jẹ́ pé "ó dára" nìkan ni olùkọ́ ń kọ sórí iṣẹ́ ẹni. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo lọ. Ohun tó gbà mí ni pé mo wá olùkọ́ kún olùkọ́.

Ilé ni mo kọ́kọ́ fi ṣe olùkọ́. Mo jókòó sí ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, iṣẹ́ ọwọ́ Demas Nwoko, ẹni tí wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ Golden Lion dá lọ́lá ní Venice ní 2023. Mo ya ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, mo sì ń wádìí ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo gbé àwòrán mi tọ bàbá bíríkìlà kan lọ: "Bàbá, ibo ni òjò yóò ti kọ́kọ́ wọ ilé yìí?" Wọ́n tọ́ka sí i lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di olùtọ́sọ́nà mi.

Ẹ má lọ bá àgbà lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú iṣẹ́ dání, pẹ̀lú ìbéèrè kan pàtó. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ní í bá àgbà jẹun.