Ètùtù tí ó pẹ́ jù

Ẹyin lọ̀rọ̀: bí ó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Èyí hàn nínú ìwé ìtàn tí Ian McEwan, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2001. Expiation ni orúkọ rẹ̀ ní Faransé; ètùtù ni àwa ń pè é.

Ní 1935, Briony, ọmọ ọdún 13, jẹ́rìí èké mọ́ Robbie, ọmọ ìránṣẹ́bìnrin ilé wọn, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Cecilia fẹ́ràn. Robbie ṣẹ̀wọ̀n, ọlọ́rọ̀ tí ó ṣe ibi náà kò jìyà. Ní 1940, ogun gba ẹ̀mí àwọn olólùfẹ́ méjèèjì. Briony dàgbà di òǹkọ̀wé. Nínú ìtàn rẹ̀, ó so wọ́n pọ̀ láàyè.

Ìtàn lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkú kì í dárí jini. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí a bá ṣẹ ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.