Sítíárì Inú Yàrá àti Owó Ẹgbẹ́



Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó kọjá, kò sì tán níbẹ̀. Ìyá kan láàrin wa, tó ń ta èlùbọ́ ní Ṣakí, fẹ́ yáwó ra kọ̀ǹpútà àti sítíárì géèmù fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ náà ní òun fẹ́ di awakọ̀ eré ìje. Ẹnì kan ní, "Ṣé owó ẹgbẹ́ la fẹ́ fi ra ohun ìṣeré ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, a ò ní purọ́. Ìgbà tá a wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́rìn-ín tó tán lẹ́nu wa.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, Jann Mardenborough lorúkọ rẹ̀. Ní kékeré ó ń wa ọkọ̀ eré kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kart, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ jù, ó fi sílẹ̀. Ó wá ń fi géèmù Gran Turismo wakọ̀ nínú ilé. Lọ́dún 2011 ó wọ ìdíje GT Academy, tí Nissan àti Sony dá sílẹ̀ ní 2008. Nǹkan bí 90,000 ènìyàn ló dù ú, òun ló sì borí. Nígbà tó di 2013, òun àti àwọn méjì mìíràn pín ọkọ̀ kan wà fún wákàtí 24 ní Le Mans, nílẹ̀ Faransé, wọ́n sì gba ipò kẹta ní ìsọ̀rí tiwọn. Wọ́n ti fi ìtàn rẹ̀ ṣe sinimá ní 2023.

Nítorí náà, ká má pè é ní ìranù mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sanwó? Nissan ló ni ọkọ̀, tí ó ni táyà, tí ó ni epo, tí ó gba olùkọ́. Ìdíje náà sì ti kógbá sílé ní 2016. Ibi tí àwa àti ìyá yìí ti yapa nìyẹn. Nínú ìwé tó kọ sí wa, ó ní owó tí ọmọ bá jẹ nídìí eré ìje ni yóò fi san gbèsè. Rárá o. Sítíárì kì í ṣe ẹ̀rọ ìlọta. Kò tilẹ̀ ṣírò owó epo jẹnẹrétọ̀!

Ohun mìíràn tún wà. Géèmù lè kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń wọ kọ́nà àti ibi tí a ti ń tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá forí sọgi nínú géèmù, á tún bẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́dún 2015, ní Nürburgring ní Jámánì, ọkọ̀ Mardenborough yìí kan náà fò kọjá ọgbà, ó sì pa ẹnì kan nínú àwọn òǹwòran.

Síbẹ̀, a ò fara mọ́ kí wọ́n lé ìyá náà. Ní Ìsẹ́yìn, òwú ni ọmọ tó fẹ́ hun òfì ń kọ́kọ́ ká. Kò sẹ́ni tó ń retí èrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń lé e kúrò nídìí òfì. Èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ yá a ní owó sítíárì tòkunbọ̀ ná, kí kọ̀ǹpútà ṣì dúró. Èrè èlùbọ́ ni ká fi ṣírò bí yóò ṣe san án, kí onídùúró méjì sì fọwọ́ sí i bíi ti gbogbo wa. Kí ọmọ náà sì máa lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nírọ̀lẹ́, kó mọ inú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà yóò tún wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. A ti ní kí ìyá náà mú ọmọ rẹ̀ dání. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bi òun fúnra rẹ̀.