Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Aláboyún Lọ Ya Àwòrán Inú?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nínú gbogbo ogun tí ọmọ ènìyàn ń jà láyé, ọ̀kan pàtàkì ni ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí a bá rí aláboyún ní ilẹ̀ Yorùbá, àdúrà tí a ń ṣe fún un ni pé a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì gbọ́ ohùn ọmọ. Láyé òde òní, ẹ̀rọ kan wà tí ó ń fi ọmọ inú hàn wá kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Àwọn kan ní ó dára, àwọn kan ní kò dára. Ní tèmi o, ó yẹ kí aláboyún kọ̀ọ̀kan ya àwòrán náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí oyún rẹ̀ tó pé ọ̀sẹ̀ 24. N ó sọ ìdí rẹ̀, n ó sì dá àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Sikáànù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Ohùn ni ẹ̀rọ yìí ń lò, ohùn náà sì ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá gbé ojú ẹ̀rọ lé ikùn aláboyún, ohùn yóò wọ inú lọ, yóò kan ara ọmọ, yóò sì padà wá, gẹ́gẹ́ bí ohùn ẹni tí ó ké nídìí àpáta ṣe ń padà sí i létí. Gbohùngbohùn yìí ni ẹ̀rọ ń sọ di àwòrán. Oníṣègùn Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Glasgow wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kéde iṣẹ́ yìí fún ayé, ní ọdún 1958.

Ìdí kìn-ín-ní tí mo fi fara mọ́ ọn ni pé ó ń jẹ́ kí ìròyìn tètè dé. Ẹ wo orúkọ àmútọ̀runwá wa. Ẹsẹ̀ ni Ìgè kọ́kọ́ mú wá sáyé. Òjò àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́rùn wá. Nígbà mìíràn, Táíwò á ti dé tán kí agbẹ̀bí tó mọ̀ pé Kẹ́hìndé ń bọ̀ lẹ́yìn. Orúkọ wọ̀nyí fi hàn pé àwọn baba ńlá wa kò fojú kéré bí ọmọ ṣe ń wáyé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkúnlẹ̀ gan-an ni ìròyìn ń bá wọn, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti di kíákíá. Púpọ̀ nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni sikáànù ń mú wá nígbà tí àyè ṣì wà. Ó ń sọ iye ọmọ tí ó wà nínú, iye ọ̀sẹ̀ tí oyún jẹ́, ibi tí ibi ọmọ fara mọ́, àti bóyá inú ilé ọmọ gan-an ni oyún ti fìdí kalẹ̀. Àwa Yorùbá tí à ń bí ìbejì ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lọ, tí a ní ìlú bí Igbó-Ọrà, kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú ìròyìn yìí.

Ìdí kejì ni pé ìròyìn yìí lè gba ẹ̀mí là. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, obìnrin olùkọ́ kan wà láàárín wa tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Kò ya àwòrán kankan. Ní òru ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ láìsí ìrora. Ibi ọmọ ni ó dí ẹnu ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà jáde, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀, kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó wá ẹni tí yóò fún un lẹ́jẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. A gbọ́ ohùn ọmọ, a kò gbọ́ ohùn ìyá.

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ohun kan náà ṣe ọmọ tèmi. Sikáànù oṣù karùn-ún ni ó fi í hàn. Wọ́n ní kí ó padà wá ní oṣù kẹjọ, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà ibi ọmọ a máa sún sókè bí ilé ọmọ ti ń tóbi. Tirẹ̀ kò sún. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, àwa náà wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìyá àti ọmọ jọ padà wálé ni. Ewu kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a ti gbọ́ nípa èkejì kí ó tó dé.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ìyá wa bímọ láìya àwòrán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bí tí wọ́n yè ni à ń gbọ́ ẹnu wọn. Àwọn tí kò dìde lórí ìkúnlẹ̀ kò sí níbí láti jẹ́rìí. Àwọn mìíràn ní àṣírí Ọlọ́run ni ohun tí ó wà nínú. Èmi náà gbà Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n agbẹ̀bí ìgbà àtijọ́ pàápàá a máa fọwọ́ tẹ ikùn wò kí ó lè mọ ibi tí orí ọmọ wà. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ sikáànù?

Ẹ̀rù tún ń ba àwọn kan pé ẹ̀rọ náà lè pa ọmọ lára. Wọ́n ń fi í wé X-ray ni. Ní ọdún 1956, oníṣègùn Alice Stewart ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé yíya X-ray fún aláboyún lè fa àrùn jẹjẹrẹ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ìtànṣán X-ray kò sí nínú sikáànù rárá. Láti ọdún pípẹ́ tí a ti ń lò ó, kò tíì hàn pé ó ń ṣe ọmọ ní jàǹbá bí ẹni tí ó mọṣẹ́ bá lò ó bí ó ti yẹ. Síbẹ̀, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Kò yẹ kí a sọ ọ́ di eré ìdárayá.

Àtakò tí ó lágbára jù ni ti àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1993, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí aláboyún tí ó lé ní 15,000. Ó fi hàn pé yíya àwòrán fún gbogbo àwọn tí ewu kò hàn lára wọn kò dín ikú ọmọ kù. N kò ní sá fún òtítọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn tí a kò yà á fún níbẹ̀ lè rí i yà nígbàkígbà tí dókítà bá rí ìdí. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ abúlé wa. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé àwòrán kì í wo àrùn sàn. Ohun tí a bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń gbani. Bákan náà, sikáànù kò lè rí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nítorí náà, ẹni tí ó ya àwòrán kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ pa ilé ìwòsàn tì. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá sikáànù kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24, ṣùgbọ́n ó tún ní kí aláboyún rí àwọn elétò ìlera, ó kéré tán, nígbà 8.

Ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ìfẹ́ ọmọkùnrin mú kí àwọn kan máa ṣẹ́ oyún ọmọbìnrin, títí ìjọba fi ṣe òfin ní ọdún 1994 pé kí a má lo àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá ọmọ inú jẹ́ akọ tàbí abo. Ìwà ènìyàn ni ó burú níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ní ti owó, mo mọ̀ pé kò rọrùn fún tálákà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìjọba gbé ẹ̀rọ náà àti òṣìṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò dé ìgbèríko. Àwa náà sì lè dín nínú owó aṣọ ìkómọ kí a fi ya àwòrán.

Ní àkótán, kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe ìyá ọkọ, kì í sì í ṣe dókítà ni ó ni ìpinnu yìí. Aláboyún ni ó ni ara rẹ̀. Ojúṣe tiwa ni kí a ṣàlàyé fún un, kí a wá owó rẹ̀, kí a sì bá a dé ibẹ̀. Bí a bá ti ṣe èyí, kí a wá gbàdúrà wa pẹ̀lú ọkàn kan: kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ.